Bàbá Yírùn àti Ìlà Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Yírùn, ọjọ́ tí orí èèyàn mọ́kànlá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Yàrá ìpàdé ọ́fíìsì omi ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn ọ̀gá jókòó yí tábìlì gígùn ká, ife tíì wà níwájú kálukú wọn. Bàbá Yírùn wọlé, ó gbé pátákó kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn dání, ó fi í ti ògiri, ó sì ṣí aṣọ tó fi bò ó.

Ìlà búlúù kan ṣoṣo ló wà lórí pátákó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè lápá òsì, ó rìn díẹ̀, ó tẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkè. Orí ìlà yẹn gan-an ni Bàbá Yírùn kọ ọ̀rọ̀ sí nípa ìsédò, odò tí wọ́n sé kí ìlú lè rí omi lò: OMI TÓ KÙ NÍNÚ ÌSÉDÒ WA LỌ́DỌỌDÚN. Bí ìlà ṣe ń tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tẹ̀. Níbi tí ìlà ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀, lẹ́tà ń sáré tẹ̀ lé e, títí tí LỌ́DỌỌDÚN fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ dá orí sí ọ̀tún kó lè kà á. Ẹni tó jókòó tì í rí i pé ọ̀gá dá orí, lòun náà bá dá orí. Ká tó ka ení, èjì, gbogbo tábìlì ti dá orí bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àwòdì. Awò ojú ọ̀gá àgbà yọ̀, ó já sínú tíì. Ọ̀gá tó ń bójú tó páìpù gbé orí lé èjìká ìyáàfin tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́, ìyáàfin sì tì í padà. Ọ̀gá kan wà ní ìkángun tábìlì tí kò gbé orí tirẹ̀ sókè mọ́. Wọ́n rò pé ó ń fara balẹ̀ kà á ni, àṣé oorun ló gbé e lọ.

"Bàbá," ni ọ̀gá àgbà wí, bó ṣe ń fi ìka méjì wá awò rẹ̀ nínú tíì, "ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ yìí tààrà?"

"Ọ̀gá, ṣé omi náà ń lọ tààrà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó sùn jí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá Yírùn na igi sí ìdí ìlà náà. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ló kù. Bí a ò bá kó ẹrẹ̀ tó kún inú ìsédò yìí, tí a ò sì dí àwọn páìpù tó ń jò, ọdún mẹ́fà sí i, ìlà yìí á kanlẹ̀." Ọ̀gá àgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ní ìpara tí wọ́n fi ń ra ọrùn. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ pé ọrùn dun èèyàn mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò kọ ohunkóhun nípa omi.

Bàbá ìyá mi ni Bàbá Yírùn. Iṣẹ́ tó ṣe jẹun ni kó máa ya àtẹ fún ọ́fíìsì omi: kó gba iye omi tó wọlé àti iye tó jáde lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n, kó sọ ọ́ di ìlà, kó sì kọ orúkọ ìlà sí i lára. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Yírùn, nítorí pé ẹni tí kò bá yí ọrùn kò lè ka iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń lé kiri: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ka ìlà yẹn dé ìdí kí omi tó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì máa rí i pé bẹ́ẹ̀ yẹn náà ti pọ̀ jù.

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tààrà ló ń kọ̀wé bíi gbogbo èèyàn. Bí ìlà bá jẹ́ méjì lórí àtẹ, á fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, á wá ya àpótí kékeré kan sí igun ìwé, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé búlúù dúró fún èyí, àwọ̀ ewé dúró fún tọ̀hún. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Lọ́dún kan, ó ya ìlà méjì. Ọ̀kan ni omi inú ìsédò, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ni ẹ̀sùn àwọn èèyàn tí ẹ̀rọ omi wọn gbẹ, ó ń gòkè. Wọ́n gbé àtẹ náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, oòrùn sì ń bá a ṣeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí oòrùn ti jẹ ẹ́ jù ni igun tí àpótí yẹn wà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá wò ó, àwọ̀ méjèèjì inú àpótí ti rí bíi tíì tí wọ́n bu omi sí jù.

Àwọn ọ̀gá fọwọ́ lérán. Wọ́n ronú. Wọ́n wá ní kò sí àní-àní, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀sùn, èyí tó ń gòkè ni omi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ìyá mi la ẹnu kó sọ̀rọ̀, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tún ẹnu là, ẹlòmíì tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti fi ìwé ẹ̀yẹ sí i, òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n ṣe omi tó ń fò sókè tó ń jó síwájú ọ́fíìsì, kí gbogbo àlejò lè mọ̀ pé omi pọ̀.

Ó gbé ìwé ẹ̀yẹ náà délé, ó gbé e kọ́, ṣùgbọ́n ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, bi í pé, "Bàbá wọn, kí ló ṣe ìwé yìí tí ẹ fi kọjú rẹ̀ sí ògiri?"

"Ojú ló ń tì í."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti ya àpótí sí igun ìwé mọ́. Ó ní olórúkọ kì í dúró lójúde kí orúkọ rẹ̀ máa sùn nílé aládùúgbò. Ara ìlà lorúkọ ìlà máa wà, ibi tí ìlà bá sì gbà, ibẹ̀ lorúkọ máa gbà. Bí ìlà bá gun òkè, kí orúkọ gun òkè. Bí ó bá ṣubú, kí wọ́n jọ ṣubú.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn, ẹ má rò pé yẹ̀yẹ́ lásán ni. Ó ní òwú tó máa ń tẹ́ sórí ìlà kó lè mọ gígùn rẹ̀. Ó ní ike tó rí bí òṣùpá ààbọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń wọn igun, ó sì ti lò ó débi pé nọ́ńbà ara rẹ̀ ti parẹ́, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ wọ́n. Níbi tí ìlà bá ti hú sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, orí àwọn lẹ́tà á máa jìnnà síra, á wá fà wọ́n mọ́ra. Níbi tó bá ti jin wọlé bí abọ́, orí wọn á máa gbá ara wọn, á wá tú wọn ká. "Lẹ́tà dà bí èèyàn tó ń rìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè," ló máa ń wí. "Wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró ná. Orí á rí ibi tó máa wà." Ó máa ń sọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá ti bi í léèrè àti ẹni tí kò bi í.

Ilé rẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún ìpàdé, ó ní bí ọ́fíìsì ò bá fẹ́ dá omi sí, òun á bẹ̀rẹ̀ nílé òun. Ó ya àtẹ róbótó kan sórí pátákó, ó pín in bí wọ́n ṣe ń pín àkàrà òyìnbó: omi ìwẹ̀, omi ìdáná, omi mímu, omi ìfọṣọ, àti omi tó ń ṣòfò. Ó kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan yí etí àtẹ náà po, lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà bí èèrà. Ó gbé e kọ́ sí yàrá ìdáná. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìfọṣọ bọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ dorí kodò, Màmá Àgbà ló sì ń fọṣọ nílé.

Màmá Àgbà dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí. "Bàbá wọn, èmi lẹ dorí mi kodò báyìí?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ìfọṣọ ni."

"Ta ló ń fọṣọ?"

Bàbá Yírùn gbé pátákó náà sọ̀ kalẹ̀.

Ó pa ìfọṣọ rẹ́, ó yí i padà, kí orí rẹ̀ lè wà lókè. Ó ti ṣeé kà wàyí, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ní gbogbo àwọn yòókù ló kọ ẹsẹ̀ sínú, òun nìkan ló kọ ẹsẹ̀ síta. Ṣé ìjà ló wà láàárín àwọn ni? Ó gbé ìfọṣọ lọ sókè, ó gbé ìwẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin tó máa ń pẹ́ ní balùwẹ̀ ní òun mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin tó ń pa á rẹ́, Màmá Àgbà bọ́ sẹ́yìn ilé, ó mú òòlù àti ìṣó kan wá, ó kan ìṣó náà sí àárín gbùngbùn pátákó, ó sì fi ọwọ́ kan yí i. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí yí bíi kẹ̀kẹ́.

"Ó parí," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ka tirẹ̀, kó yí i wá sókè."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá Bàbá Yírùn ní yàrá ìdáná, ó ń fi ìka kan yí pátákó náà díẹ̀díẹ̀. "Ogún ọdún ni mo fi ń yí ọrùn àwọn èèyàn," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ìṣó kan ni obìnrin yìí fi yí gbogbo rẹ̀."

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìpàdé, kọ̀ǹpútà dé sí ọ́fíìsì omi. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló bá a dé. Oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Kò bẹ̀rù àgbà, kò sì fojú di àgbà, irú wọn ò wọ́pọ̀. Àtẹ àkọ́kọ́ tó yọ jáde nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ní orúkọ oṣù méjìlá nísàlẹ̀, gbogbo wọn sùn tààrà, àyè ò sì gbà wọ́n. Ṣẹ́rẹ́ tẹ Èrèlè mọ́lẹ̀, Ẹrẹ̀nà gun àwọn méjèèjì. Bàbá Yírùn wò ó títí.

"Ọmọ mi, àwọn oṣù yìí ń jà."

"Wọ́n ti pọ̀ jù ni, Bàbá."

"Dá wọn dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fi wọ́n sí igun ọgọ́ta."

"Ọgọ́ta kẹ̀? Kí wọ́n tún máa pariwo ọrùn? Òdo ni mo fi wọ́n sí, òdo ni wọ́n máa wà."

"Márùndínlọ́gọ́ta."

"Mẹ́wàá, Bàbá. Nítorí tiyín ni o."

"Mẹ́wàá! Mẹ́wàá ò tó ohun tí ewúrẹ́ máa fi ṣe òkè. Àádọ́ta."

"Ogún."

"Màá gbà á ní márùndínláàádọ́ta. Mo ti sọ̀ dé egungun."

"Ọgbọ̀n."

Bàbá Yírùn ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó ti ike rẹ̀ bọ àpò, ó kọ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ó rọra ń lọ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á pe òun. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kí Oníkọ̀ǹpútà tó ké sí i.

"Ẹ padà o jàre. Ogójì. Mi ò fi nǹkan kan lé e mọ́."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n fi èènì sí i."

"Èènì? Lórí igun?"

"Ẹyọ kan péré."

Títí di òní, orúkọ gbogbo oṣù tó wà lórí àtẹ ọ́fíìsì omi dúró ní igun mọ́kànlélógójì, kò sì sí òṣìṣẹ́ tuntun tó mọ ìdí rẹ̀.

Ìlà ìsédò nìkan ni kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lè dá ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ẹ́. Oníkọ̀ǹpútà jà fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo lẹ́tà ń fọ́n ká bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Níkẹyìn ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Yírùn, ó dá orí sí ọ̀tún, ó ka ìlà náà láti òkè dé ìdí. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kà á dé ìdí ní gbogbo ọ́fíìsì náà.

"Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ṣé òótọ́ ni pé ọdún mẹ́fà ló kù?"

"Ó ti di mẹ́ta, ọmọ mi."

Oníkọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àgbà dá a lóhùn lọ́sẹ̀ kẹta pé òun ti rí i, òun sì dúpẹ́. Ó kọ èkejì, ọ̀gá àgbà tún dúpẹ́. Lóṣù yẹn kan náà, omi tó ń jó níwájú ọ́fíìsì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Wọ́n gbé òdòdó oníke sínú rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹrin, wọ́n fún Bàbá Yírùn níwèé pé kó máa lọ sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà. Wọ́n gbé aago ògiri fún un, wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́. Ó ní òun fẹ́ ògiri tí òun máa gbé aago náà kọ́ sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ṣeré, ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lòun fẹ́, òun fẹ́ kọ ìlà ìsédò sára rẹ̀ kí òun tó lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gùn tó ìṣísẹ̀ méjìlélógún, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi ẹ̀rọ omi àtijọ́ kan, àlejò kì í sì í gba ibẹ̀. Ọ̀gá àgbà yọ̀ǹda fún un tayọ̀tayọ̀. Ó ní ọrùn ẹnikẹ́ni ò ní dé ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Yírùn fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ǹtì nítorí pé ó ń rìn bí ológun bẹ́ẹ̀ ni kò wọ iṣẹ́ ológun rí, ló rí gbogbo rẹ̀. Ó ní lọ́sẹ̀ kìíní, orí àkàbà ni Bàbá wà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wà lórí àga. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta wọlé, ó ti kúnlẹ̀. Bí ìlà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òun náà ń sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá," ni Sájẹ́ǹtì wí, "àwọn lẹ́tà yín ń gbọ̀n o."

"Omi tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ń gbọ̀n náà."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Sájẹ́ǹtì bá a lórí ikùn, ó nà gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ń kọ nǹkan kékeré kan sí ìdí ògiri.

"Ta lẹ wá ń kí nísàlẹ̀ yẹn?"

"Àwọn tó ń bọ̀."

Sájẹ́ǹtì wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹni tó ń bọ̀. Ó ràn án lọ́wọ́ dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, wọ́n kó àpótí ìwé àtijọ́ méjìdínlógún jọ sí ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an. Bàbá Yírùn wá kí wọn, ó rí i. Ó tọ ọ̀gá kan lọ, ó tọ òmíràn. Gbogbo wọn ló ní kó fọkàn balẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó padà sílé, ó sọ fún Màmá Àgbà pé ìgbà díẹ̀ àwọn ọ́fíìsì máa ń gùn ju ẹ̀mí èèyàn lọ. Kò fi ṣe àwàdà, Màmá Àgbà ò sì rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Ọdún karùn-ún ni ikọ́ mú un, kò sì tú u sílẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń bi ìyá mi pé, "Ṣé omi ń yọ?" Ìyá mi á ní ó ń yọ, Bàbá. Á wá tẹ́tí sí bó ṣe ń dún nínú garawa ní yàrá kejì. "Ó ń yọ," á wí, "ṣùgbọ́n ó ń ronú kó tó yọ." Láàárọ̀ tó kú, kò yọ rárá. Ilé kẹta ni wọ́n ti lọ tọrọ omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì bi Màmá Àgbà bí wọ́n ṣe fẹ́ kí òun gbẹ́ orúkọ náà. Màmá Àgbà ní kó tẹ̀ ẹ́.

"Kí n tẹ̀ ẹ́ báwo, Màmá? Tààrà ni gbogbo òkú ń gbà."

"Òkú tèmi kọ́."

Torí náà, lọ́jọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì omi pé síbi ibojì rẹ̀, tí àlùfáà ní kí wọ́n wo orúkọ ẹni ire tó sùn síbí, gbogbo wọn dá orí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ ra ọrùn.

Bàbá Yírùn ṣàṣìṣe oṣù mẹ́rin. Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún mẹ́fà rẹ̀ pé nígbà tí omi kò gòkè wá sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù kò lágbára àtirìn jìnnà. Ibi tó rẹlẹ̀ jù tó sì sún mọ́ ìsédò jù nìkan ló ti ń yọ, ìyẹn ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì omi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì dé ibẹ̀. Sájẹ́ǹtì àti Oníkọ̀ǹpútà kó àpótí méjìdínlógún náà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí èèyàn lè rí ọ̀nà kọjá, àwa èèyàn sì tò wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, garawa àti báfù, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́rin kò ní ohun mìíràn tó máa wò ju ògiri lọ. Mo rí wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, orí wọn ṣì dúró dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń sún síwájú ni orí wọn ń wọ́ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, tí àwọn tó wà láàárín fi rí bí oko tí atẹ́gùn fẹ́ sápá kan.

"Ta ló kọ èyí?" ni obìnrin kan tó gbọ́mọ dání béèrè.

"Bàbá kan tó ṣiṣẹ́ níbí ni," ni Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn.

"Ó ti sọ fún wọn nígbà yẹn?"

"Ó sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní ọrùn ń dun àwọn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà wà láàárín wa lọ́jọ́ náà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kan dání, ẹnikẹ́ni ò sì yà fún un. Ó ń ka ìlà náà bó ṣe ń sún. Nígbà tó dé ibi tí LỌ́DỌỌDÚN ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dá orí débi pé awò rẹ̀ yọ̀ kúrò lójú. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí tíì tó máa já sí. Sìmẹ́ǹtì ló já lé, ó sì fọ́. Ó ṣa á sínú àpò, ó ń lọ níwájú, ó kọjá ìdí ìlà láìrí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Màmá Àgbà ló kàn tẹ̀ lé e, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn àpótí wà tẹ́lẹ̀, ìlà búlúù náà kanlẹ̀. Kò sí ibi tó tún lè sọ̀ sí, nítorí náà ó lọ gbọọrọ ní ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lórí rẹ̀ níbẹ̀. Màmá Àgbà gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti fi orí sí ọ̀tún kó tó rí i pé kò sí ìdí fún un. Tààrà ni Bàbá Yírùn kọ ọ́:

Ẹ̀YIN TÓ DÉ IBÍ, Ẹ KÚ ÌDÚRÓ O.

Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Mo fẹ́ gbé e dìde, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ ná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lórí lẹ́tà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, bó ṣe máa ń nu ojú wa nígbà tí a wà ní kékeré.

"Ọ́ọ̀, Bàbá wọn," ló wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ kú ìdúró."